Ẹni Tí Yóò Dúró fún Ọmọ Bẹyẹrúnkà

Wọ́n ní mo lágídí. Ọ̀gá mi ní kóòtù sọ ọ́, ọkọ mi sọ ọ́, ààfáà tó so yìgì wa náà sọ ọ́ kó tó ṣàdúrà sí i. N kò bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá ṣe akọ̀wé kóòtù láàárín ìgboro Ìbàdàn láyé àwọn ṣójà, tó fojú rí ohun tí mo rí, tí kò sì lágídí, ojú ẹni náà ti fọ́ ni, tàbí kí ọkàn rẹ̀ ti kú. Ojú mi ò fọ́. Ọkàn mi ò sì kú títí dòní.

Kóòtù wa kò jìnnà sí òkè Màpó. Bí a bá ṣí fèrèsé, à ń gbọ́ ariwo Ọjà'ba nísàlẹ̀. Iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ ni béèlì. Bí ọlọ́pàá bá gbé ènìyàn wá, tí adájọ́ sì ní kó máa ti ilé wá jẹ́jọ́, ọ̀dọ̀ mi ni ẹni tó bá fẹ́ dúró fún un yóò kọ́kọ́ yà sí. Onídùúró ni à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òun ló ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò ní sá, pé bí ọjọ́ ẹjọ́ bá pé òun á mú un wá. Èmi ni mo máa ń bá onídùúró dé ilé rẹ̀, kí n rí i pé ibi tó ní òun ń gbé ló ń gbé lóòótọ́, kí n tó mú un lọ síwájú adájọ́.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ báyìí á ní kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. Wàhálà wà. Ohun méjì ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ onídùúró ní kóòtù wa. Ó gbọ́dọ̀ ní ilé, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú adájọ́ pé òun lòun ni ín. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọdọ̀ jẹ́ obìnrin.

Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́ pé Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì, ṣùgbọ́n kóòtù wa gbé e kọjá òwe. Ẹni tó ra ilẹ̀ sẹ́yìn ìlú lánàá, tó kọ́ yàrá mẹ́rin sí i, á wọlé, á gbé àyà síwájú, á ní ilé òun ni. Wọ́n á gbà á. Ẹni tí a bí ní Bẹẹrẹ tàbí Oríta-mẹ́rin, tí a bí baba rẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n sin baba ńlá rẹ̀ sínú yàrá tó ń sùn, kò lè sọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Agbo ilé là ń gbé. Ilé àwọn tó ti lọ ni, ilé àwa tó kù ni, ilé àwọn tí a ò tíì bí ni. Ní agbo ilé tiwa ní Pópó Yemọja, ìbátan bàbá mi kan bínú lọ́jọ́ kan, ó ní kí àwọn ọmọdé má ṣeré mọ́ ní iwájú "ilé òun". Wọ́n pe ìpàdé ẹbí lé e lórí. Ọkùnrin náà ti ń hu ewú nígbà náà, síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ kó tó lè jẹun alẹ́. Ojú mi ló ṣe.

Nítorí náà, bí adájọ́ bá bi àgbàlagbà láti ìgboro pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé tí ẹ ń gbé?" ohun tí bàbá máa ń dáhùn ni pé, "Rárá o, ilé àwọn bàbá wa ni." Òótọ́ ló sọ. Wọ́n á ní kó máa lọ, ọmọ rẹ̀ á sì padà sínú ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n. Lábẹ́ igi ọdán tó wà níta kóòtù, àwọn ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń dúró fún ẹnikẹ́ni tó bá ti san nǹkan. Agbádá tó le gbagidi ni wọ́n máa ń wọ̀. Wọn kì í mọ orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ dúró fún títí wọn yóò fi bi lọ́yà ní ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn á ní òun nílé, wọ́n á gbà á. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra irọ́. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, kóòtù wa ni mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ná ọjà náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí nígbà tí wọ́n gbé télọ̀ kan wá láti Bẹyẹrúnkà.

Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Oníbàárà kan gbé léèsì wá fún un pé kó bá òun rán an, ó sì rán an. Kí aṣọ tó jáde lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, ọlọ́pàá ti wọ ṣọ́ọ̀bù: wọ́n ní ní Ògùnpa ni wọ́n ti jí léèsì náà. Oníbàárà ti sá, ojú ò tún gán-án-ní rẹ̀ mọ́. Télọ̀ ni wọ́n bá ní ìdí ẹ̀rọ, télọ̀ náà ni wọ́n mú. Wọ́n ní ó gba ẹrù olè. Adájọ́ ní kí wọ́n gba béèlì rẹ̀ bó bá rí onídùúró. Kò rí. Òjò ń rọ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n, ó wà níbẹ̀ títí ọyẹ́ fi dé, wọn ò sì tíì pe ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n bá gbé e wá, ikọ́ rẹ̀ ni a máa ń gbọ́ kí a tó rí i. Gbogbo ìgbà tó bá wá ni ikọ́ náà ń jìn sí i.

Ìyá rẹ̀ ń ta ìkòkò amọ̀ ní Ọjà'ba. Mo ti ra ìkòkò omi lọ́wọ́ rẹ̀ rí kí ọ̀ràn yìí tó ṣẹlẹ̀, ó sì ń bú àwọn oníbàárà tó bá ná an ní ìnákúnàá. Obìnrin kan náà ló wá kúnlẹ̀ síwájú tábìlì mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ẹ jẹ́ n dúró fún un. Èmi ni mo bí i."

Mo gbé e dìde, mo mú un lọ bá ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"A kì í gba obìnrin. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀ pé a kì í gbà wọ́n, sà. Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí a má gbà wọ́n?"

"Ìwọ obìnrin yìí, bí a ti bá a nìyẹn."

"Ẹ fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí, sà, n ó sì dákẹ́."

Kò rí ibì kankan fi hàn mí, nítorí kò sí. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Láti ẹnu ọkùnrin kan ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ́ sí ẹnu òmíràn láti ìgbà tí aláyé ti dáyé. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹ ọ̀sán mi. Obìnrin lè lóyún ọmọ, ó lè fi èrè ìkòkò rán an lọ kọ́ṣẹ́, àmọ́ kò tó ẹni tí yóò ní "ọmọ yìí kò ní sá."

Mo sọ fún ìyá pé kó lọ mú mọ́gàjí wọn wá, ìyẹn olórí agbo ilé wọn. Kí wọ́n tó wá, èmi náà lọ sí Bẹyẹrúnkà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láti wo ilé wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi. Ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni, páànù rẹ̀ ti pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ òpópónà. Mọ́gàjí jókòó sórí awọ àgùntàn tó fi ń kírun, ó ń fi tẹ̀sùbáà ka orúkọ Ọlọ́run. Ìyàwó kejì nílé náà, orogún ìyá télọ̀, ń se ẹ̀wà nínú ìkòkò, kò kí ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì jọ ń ta ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Ọjà'ba, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Gbogbo ọjà ló mọ̀.

Lọ́yà télọ̀ ti wá síbẹ̀ ṣáájú mi. Ó ti sọ fún mọ́gàjí pé ọ̀rọ̀ náà ò le: bí adájọ́ bá béèrè, kó ṣáà ní òun lòun nilé. Ọ̀rọ̀ kan péré, ọmọ á sì sùn sílé.

Mọ́gàjí fi tẹ̀sùbáà sílẹ̀. "N kò lè sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá télọ̀ pariwo. "Bàbá! Ẹ ẹ̀ gbọ́ ikọ́ tó ń wú ni? Ẹ ní tiyín ni! Ta ló máa bi yín?"

"Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yìí á bi mí. Bí mo bá ní tèmi ni lónìí níwájú ìjọba, lọ́la àwọn ọmọ tí mo bí nínú ara mi á mú ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n á fi ta ilé. Ìyá, bí mo bá purọ́ ilé nítorí ọmọ yìí, tó bá dé, ilé wo ló fẹ́ bọ̀ sí?"

"Ṣé kó wá kú síbẹ̀?"

Bàbá tún gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. N kò mọ ẹni tí mo fẹ́ bá bínú nínú àwọn méjèèjì, mo wá rí i pé kò sí ọ̀kan tó jẹ̀bi. Àwa la jẹ̀bi, àwa kóòtù, tí à ń bi olóòótọ́ ní ìbéèrè tí òpùrọ́ nìkan lè yege nínú rẹ̀. Bí mo ṣe ń gun òkè padà lọ́jọ́ náà, mo ti mọ ohun tí n ó ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, mo di ìró kan àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọnu sínú àpò mi. Ọkọ mi bi mí ibi tí mò ń lọ. Mo ní ibi iṣẹ́ ni, àmọ́ mo mọ ara mi.

Wọ́n gbé télọ̀ jáde, ó ń wúkọ́. Mọ́gàjí dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí, ó bọ́ fìlà. Adájọ́ wa kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé ni. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ń béèrè ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé tí ẹ ń gbé?"

"Rárá, Olúwa mi. Ilé àwọn bàbá wa ni. Ìtọ́jú rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi."

Adájọ́ mi orí, ó gbé kálàmù. Mo dìde. Akọ̀wé kóòtù kì í sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bi í, ìyẹn náà mo mọ̀.

"Sà, ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè yẹn kọ́."

Ọ̀gá mi fa aṣọ mi lẹ́yìn.

"Kí lẹ sọ?" ni adájọ́ wí.

"Mo ní ìbéèrè yẹn kọ́, sà. Láti ìgbà tí mo ti wà níbí ni a ti ń bi wọ́n bí ilé bá jẹ́ tiwọn. Kò sí ọmọ ìgboro tó lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, àfi tó bá fẹ́ purọ́. Àwọn tó wà lábẹ́ igi lóde ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tí wọ́n dúró fún sì ń sá lójoojúmọ́. Ẹ bi bàbá yìí ohun tí béèlì wà fún. Ẹ bi í pé bí ọmọ yìí bá sá, kí ló fẹ́ ṣe?"

"Ṣé ẹ mọ̀ pé mo lè rán yín lọ sẹ́wọ̀n fún ohun tí ẹ ṣe yìí?"

"Mo mọ̀, sà. Mo ti gbé ìró mi dání."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. N kò rín. Adájọ́ wò mí títí, ó wo télọ̀ tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu nítorí ikọ́, ó wá yíjú sí mọ́gàjí.

"Bàbá, bó bá sá ńkọ́?"

Mọ́gàjí tún ara rẹ̀ dúró. "Olúwa mi, níbo ló fẹ́ sá sí? Ìwọ́ rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ wa. Bó bá sá, a ò ní rí ọmọ fọ́kọ mọ́ nílé wa, wọ́n á ní ilé àwọn tó ń sá fẹ́jọ́ nìyẹn. Èmi fúnra mi ni n ó mú un wá. Bí n kò bá rí i, ẹ fi mí sí ibi tí ẹ fẹ́ fi í sí. Mo ti dàgbà, àmọ́ mo ṣì lè jókòó."

Adájọ́ ò kọ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ìyá télọ̀ ti dìde láàárín àwọn èrò, kò dúró kí ẹnikẹ́ni pè é.

"Èmi náà ńkọ́? Ọjà'ba ni mo wà látàárọ̀ dalẹ́. Ta ni kò mọ ibi tí wọ́n ti lè rí mi?"

Ọ̀gá mi sáré dìde pé kóòtù yìí kì í gba obìnrin. Adájọ́ bi í léèrè ohun tí mo bi í lọ́jọ́ yẹn, pé níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọ̀gá mi padà jókòó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀.

Adájọ́ gba àwọn méjèèjì papọ̀. Bí ìyá télọ̀ ṣe fẹ́ tẹ ìka, èmi ni mo di páàdì tàdáwà mú fún un. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ bọ inú rẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ amọ̀. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí mo rí tó dúró fún ènìyàn ní kóòtù wa. Télọ̀ sùn sílé lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá mi ò dárí jì mí. Ó ní kí n kọ̀wé tọrọ àforíjì, mo kọ̀. Ó ní wọ́n á gbé mi lọ sí ìgbèríko, mo ní ènìyàn ń bẹ ní ìgbèríko, ìbéèrè kan náà ni n ó sì lọ béèrè níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ò bá mi jẹun pọ̀ mọ́. Kò dùn mí tó bí wọ́n ṣe rò. Gbogbo ìgbà tí ẹjọ́ télọ̀ bá yí ká, kí a tó ṣílẹ̀kùn kóòtù ni yóò ti dé, mọ́gàjí níwájú, ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, bí ẹni ń sin ìyàwó. Kò pa ọjọ́ kan jẹ. Nígbà tí ilẹ̀ fi ń gbóná, ikọ́ náà ti lọ.

Ẹjọ́ wa a máa fà, gbogbo yín mọ̀. Ó fà títí ìyá télọ̀ fi kú. Ọjà ló ti dé, ó ní orí ń fọ́ òun, ó dùbúlẹ̀, kò sì dìde. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀ bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Mo lọ kí wọn ní Bẹyẹrúnkà, n kò sì lè sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún télọ̀ bó ṣe jókòó sórí ẹní. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé onídùúró kan ti kú. Ìdajì béèlì ti já. Bí ọjọ́ ẹjọ́ bá pé tí wọn ò sì rí arọ́pò, ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ yìí á padà sínú ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n.

Mọ́gàjí ni mo sọ fún. Ó ní òun ti gbọ́.

Ìwé ìgbénikúrò mi ti dé kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé, iṣẹ́ ìgbẹ̀yìn mi ní kóòtù yẹn ni ẹjọ́ náà. Wọ́n pe ẹjọ́. Ọ̀gá mi ló dìde, tayọ̀tayọ̀, ó ní onídùúró kan ti di olóògbé, kí kóòtù gba ọmọkùnrin náà padà sí àhámọ́. Adájọ́ bojú wo inú kóòtù.

"Ta ni yóò dúró ní ipò ìyá yìí?"

Orogún rẹ̀ dìde.

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, n kò ní purọ́. Obìnrin tí kò bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ fún ọdún gbọọrọ. Aṣọ ọ̀fọ̀ ló wà lára rẹ̀. Ó rìn wá síwájú, kò kúnlẹ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Bí ẹ bá ní n kò tó, ẹ wo ẹ̀yìn mi."

A wo ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo obìnrin agbo ilé náà ló ti dúró: àwọn ìyàwó ilé, àwọn ọmọbìnrin ilé tó ti ilé ọkọ wá, ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń dì mú ní apá. Wọ́n to láti iwájú adájọ́ jáde sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n to dé orí àtẹ̀gùn níta, níbi tí àwọn alágbádá abẹ́ igi ti ń na ọrùn wò wọ́n.

Ọ̀gá mi rọra sọ pé ẹnìkan ti tó.

"Sà," ni mo dá a lóhùn, "ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́."

Adájọ́ ò dá mi lẹ́kun. Mo di páàdì mú, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tàdáwà gbẹ, mo bu omi sí i, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Télọ̀ dúró nínú àpótí, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn jọ sọ̀kalẹ̀, wọ́n fi í sáàárín, wọ́n mú un relé.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó lọ sí ibi tí wọ́n gbé mi lọ, mo yà sí Ọjà'ba láti ra ìkòkò. Orogún ti fa àtẹ méjèèjì pọ̀, ó ń ta tirẹ̀ ó ń ta ti olóògbé. Bó ṣe ń na ìkòkò sí mi, mo rí tàdáwà tó ṣì dúdú ní àtàǹpàkò rẹ̀. Mo bi í ohun tó dé tí kò fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀ ná," ló wí. "Ọmọ mi ṣì lẹ́jọ́."